Àkísà Ẹnu Àpò

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni mo dé kíláàsì tí n kò bá ẹnì kan níbẹ̀. Ó yẹ kí obìnrin méjìdínlógún jókòó dè mí nílé ìwé abúlé kan lẹ́yìn Akánrán, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà. Bẹ́ńṣì lásán ni mo bá. Èmi gan-an ni mo lé wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀.

Gàrí ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, ẹbu kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń lò. Bí wọ́n bá lọ pákí tán, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí omi rẹ̀ máa ro, kí ó sì máa kan, kí wọ́n tó yan án. Wọ́n máa ń so àkísà mọ́ ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ìdọ̀tí ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ra máákà fún wọn, mo ní, “Ẹni tó bá ti lè kọ orúkọ rẹ̀ kò nílò àkísà mọ́. Ẹ tú wọn dànù.” Wọ́n tú wọn, wọ́n fi orúkọ rọ́pò wọn lára àpò. Mo fi fóònù ya fọ́tò àwọn àpò náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa.

Mo mú ọ̀nà ẹbu pọ̀n. Ìyá Ráfíù, tó dàgbà jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ń jọ̀ pákí.

“Tíṣà, ṣé gàrí lẹ fẹ́ rà?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mò ń wá, ìyá.”

“Èmi náà ń wá àpò mi.”

Bàbá Jẹlílì, tó ń bá wọn fún omi pákí, tó sì ń gbé àpò fún oníkálukú, ló là á yé mi. Kò mọ̀wé. Nígbà tí kò rí àkísà mọ́, ó kàn ń nawọ́ sí èyí tó bá sún mọ́ ọn ni. Àpò ẹlòmíràn, tó ti lo òru márùn-ún tó sì ti kan, ló gbé fún Ìyá Ráfíù, ìyá sì ti yan án kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Oníbàárà ìyá láti ọjọ́ pípẹ́ kì í jẹ gàrí kíkan. Ó dá a padà.

“Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe gàrí,” ni ìyá wí, “gàrí mi kì í padà wálé.”

“Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò bi yín kí n tó ní kẹ́ ẹ tú u.”

“O ò bi wá lóòótọ́. Jókòó.”

Ní kíláàsì, “ẹ” ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ yẹn, mo di ọmọ ilé ìwé wọn. Àwọ̀ aṣọ ń sọ ẹni tó ni àpò. Iye kókó tí wọ́n ta sí i ń sọ iye òru tó ti lò. Bí wọ́n bá fi ewé há inú kókó, ara ẹni tó ni ín kò le, tàbí ó bímọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò bá a yan án. Wọ́n na àkísà kan sí mi pé kí n kà á. Mo ṣì í.

“Tíṣà ò mọ̀wé o,” ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn ààrò, gbogbo ẹbu bú sẹ́rìn-ín.

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn padà wá, Bàbá Jẹlílì náà sì tẹ̀ lé wọn. A so àwọn àkísà kọ́ ara pátákó, a sì kọ orúkọ àti òǹkà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, àkísà àti orúkọ ló jọ ń wà lára àpò wọn. Ìyá Ráfíù, tó ti ń tẹ ìka láti kékeré, kọ tiwọn gàdàgbà-gadagba, wọ́n ní kí Bàbá Jẹlílì má tún wí àwíjàre.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìntì, mo ti ọjà Akánrán dé, mo bá àpò gàrí kan lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tó gbé e wá ti lọ. Aṣọ búlúù tí mo fi ń nu pátákó ni wọ́n so mọ́ ẹnu rẹ̀, ẹfun ṣì wà lára rẹ̀. Kókó mẹ́rin, bí mo ṣe fẹ́ràn kí gàrí kan mọ. Ewé kan há sínú kókó tó kẹ́yìn.

Kò sí lẹ́tà kankan pẹ̀lú rẹ̀. Mo kà á tán: tèmi ni, wọ́n ti bá mi yan án. Mo sì gbé e wọlé.