Adìyẹ Tó Ṣa Àlejò Wòlímọ̀ Mi Jẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá sílé wa, ó di ìwé mọ́ àyà, ó ní òun ni àwọn ọmọ mi fẹ́ gbé iṣẹ́ oúnjẹ sàárà bàbá wọn fún. Ọmọ dáadáa ni. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí mi, kò kàn tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kí mi tán, ó fa bírò yọ, ó ní, “Màmá, èèyàn mélòó lẹ ń retí?” Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ọmọ ọlọ́mọ wá ń wo aṣọ ara rẹ̀ bóyá ó ti ya níbì kan. Mo ní kó má bínú, kì í ṣe òun ni mo ń fi ṣẹ̀sín. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ bi ìyá mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Agboolé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní kọ̀rọ̀ kan tó há débi pé bí aláàárù méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti fẹ̀yìn rìn padà. Àgbàlá wà láàárín, kànga wà nínú àgbàlá, yàrá wa sì yí i ká. Àṣírí kò sí níbẹ̀. Bí o bá din ẹyin kan ṣoṣo, ìyá tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun á wúkọ́, á sì kí ọ kú ọrọ̀. Ọmọ tó bá ṣubú, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ni yóò gbé e, ẹni náà ni yóò sì gbá a létí, pé kí ló ń wò tó fi ṣubú.

Màámi kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi ti fẹ́ ẹ wá. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òkè Ọya, ìgbà tí wọ́n bá fún un láyè ló ń wá sílé, nítorí náà Màámi nìkan ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń rí fojú sùn. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta nínú ilé yẹn, síbẹ̀ Ìyàwó Ìjẹ̀bú ni gbogbo wọn ń pè é. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá ṣe ìnáwó, gàárì tútù ni yóò fi ṣe àlejò, tí yóò sì ní kí wọ́n mú ṣúgà tiwọn lọ́wọ́. Màámi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu lásán ló fi ń rín in, nítorí bó bá wọ yàrá tán, á ti ìkòkò síbí, á ti ìkòkò sọ́hùn-ún, ìró rẹ̀ á sì máa sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Ìgbà tí mo wá ka Àlùkùránì parí, tó di pé kí wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún mi, ìnáwó àkọ́kọ́ tí Màámi yóò ṣe nínú ilé náà nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó. Bí oúnjẹ bá tán nílẹ̀ kí àlejò tó yó, a kì í gbàgbé rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni wọn yóò máa fi tọ́ka ilé yín fún ẹni tó sọnù.

Àṣà ilé wa ni pé bí ìyàwó kan bá ń náwó, àwọn yòókù á gbé nǹkan wá: ẹnìkan á gbé òróró, ẹnìkan á gbé ata, ẹnìkan á ní òun ló ni àlùbọ́sà. Ìyá Sùwé, tó jẹ́ ìyálé gbogbo ilé, wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Ìyàwó, kí ni ká bá ọ gbé?” Màámi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má ṣèyọnu. Gbogbo rẹ̀ ti wà ńlẹ̀.” Irọ́ ni. Owó tí bàbá mi fi ránṣẹ́, àti èrè aṣọ tí Màámi ń tà ní ọjà Jankara, kò gba àṣejù kankan. Ó ní láti ṣírò àlejò rẹ̀ kó tó na kọ́bọ̀ kan.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá nàka sí èèyàn nílé wa, tí o ń wí pé ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á gbá ọwọ́ náà lulẹ̀ kí o tó dé ẹ̀rin. Màámi wá gbé àtẹ kan sórí itan, ó bu ẹ̀wà sínú abọ́ méjì, pupa àti funfun. Ẹ̀wà pupa dúró fún àgbà, funfun dúró fún ọmọdé. Ó ń rántí ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú wọn sórí àtẹ: Lèmọ́mù rèé, àwọn ọmọ ilé kéwú rèé, àwọn ará Ìdúmọ̀tà tó jẹ́ ìdílé àbúrò bàbá mi rèé. Nígbà tó kan Bọ̀ọ̀dá Ràímì, ó mú ẹ̀wà pupa kan, ó wò ó títí, ó sì jù ú padà sínú abọ́.

Bọ̀ọ̀dá Ràímì ni ọ̀gá mo-gbọ́-mo-yà ní gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ló ń ṣe nítòsí Jankara, aya rẹ̀ ti kú, kò sì fẹ́ òmíràn, wọ́n ní kò nílò rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó àwọn ẹlòmíràn bá ṣì ń ṣe ìnáwó. Màámi ní bí òun bá fẹ́ ṣírò Ràímì dáadáa, odindi abọ́ ẹ̀wà kan ni yóò gbà. Ó rán mi sí i pé kí n sọ fún un pé wòlímọ̀ ti sún sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Bọ̀ọ̀dá Ràímì fá igi rẹ̀ lọ, ó ní, “Ó dáa, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí wa dé ibẹ̀.” Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀.

Màámi ṣírò tán, ó gbé àtẹ sójú fèrèsé, ó lọ kírun Alásárì. Ìyá Sùwé ní adìyẹ pupa kan tí ọrùn rẹ̀ bó, tí kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Adìyẹ yìí fò sórí àtẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àlejò wa jẹ. Ìyá Sùwé ló rí i, ó lé e kúrò níbẹ̀, ó rí i pé ẹ̀wà ṣì pọ̀ lórí àtẹ, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀wà lẹ̀wà ń jẹ́ lójú tirẹ̀. Màámi kírun tán, ó dé, ó mú ẹ̀wà tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan: pupa kan, ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì méjì; funfun kan, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ohun tó fi lọ ra ìrẹsì ní ọjà Sandgrouse nìyẹn. Ó dá a lójú tó fi jẹ́ pé ó ń yangàn létí kànga lọ́jọ́ kejì, ó ń ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí òun ṣe fi ẹ̀wà wọn oúnjẹ tí kò ní ṣẹ́ kù, tí kò sì ní dín. Ìyá Sùwé ń fọ aṣọ nítòsí wọn. Wọ́n ní ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún mi, wọ́n da ìborùn bò mí lórí, wọ́n gbé mi ka àga tí wọ́n yá láti ilé kejì. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí wàláà mi, n kò ṣi ẹyọ kan, àwọn ààfáà ń ṣe àmín, Màámi ń nu ojú. Kí n má purọ́, ọkàn mi kò sí lára àmín mọ́ nígbà tó yá. Òórùn ọbẹ̀ ẹran àgbò ti gba gbogbo àgbàlá. Ìrẹsì ìgbà náà kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ bíi tiyín yìí. Ọdún Iléyá, ọdún Ìtúnu, àti ìnáwó ẹlòmíràn ni, ó parí. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tí wọ́n ń ṣe wòlímọ̀ fún kì í jẹun títí àlejò yóò fi jẹ.

Wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ fún Ìyá Sùwé. Ó mú òkèlè ìrẹsì kékeré kan bí ẹni tó ń tọ́ oògùn wò, ó ní, “Ó ti tó. Ẹ̀kọ tí mo jẹ láàárọ̀ ò tíì dà.” Ó ti àwo sí ẹlòmíràn. Ẹni yẹn náà ní òun ti yó. Ìyàwó ilé kẹta ní inú ń run òun. Báyìí ni àwo ń yí kiri àgbàlá bí ọmọ tí kò ní ìyá. Àwọn àlejò rí i pé ìyálé ilé pàápàá kò jẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Lèmọ́mù gbé àwo tirẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń fi tẹ̀sùbáà ṣeré. Obìnrin Ẹ̀gbá kan gbé ẹran sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà.

Màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. Ó ní, “Ṣé iyọ̀ ló pọ̀ ni?” Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, èmi tí wọn ò fún ní nǹkan kan? Mo mi orí. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, ebi sì ń pa mí, n kò mọ èyí tó ń fa omijé mi nínú méjèèjì. Oúnjẹ tó tán, ìtìjú ni. Oúnjẹ tí àlejò kọ̀ ní gbangba, kò sí orúkọ tí a lè pè é.

Ibẹ̀ ni a wà tí a gbọ́ “Àsàlámù àlékùn” lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ni, eruku pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀, ṣùgbọ́n imú mi kò gbà.” Ó fọwọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó fa àwo Lèmọ́mù mọ́ra. Ọkùnrin náà jẹun. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ó ń fa eegun, ó ń lá ọwọ́, ó ń mi orí. Ó ní, “Ìyàwó Ìjẹ̀bú, ta ló kọ́ ọ ní ọbẹ̀ yìí? Bu sí i, jàre.” Gbogbo àgbàlá ń gbé itọ́ mì. Lèmọ́mù wúkọ́, ó ní kí wọ́n bá òun gbé àwo mìíràn wá, kó má dà bí ẹni pé òun kọ ìnáwó. Kíá, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ti wọ inú àwo. Ìyàwó ilé tí inú ń run ló kọ́kọ́ béèrè ẹran. Wọ́n bu tèmi náà fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tìborùn-tìborùn.

Ayọ̀ Màámi kò pẹ́. Ìgbakọ ń ha ìdí ìkòkò nígbà tí àwọn ará Ìdúmọ̀tà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tọkọtaya, tọmọtọmọ, wọ́n ń kí wa kú ìnáwó. Màámi dúró ti ìkòkò òfìfo náà, ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sá fún láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ ló dé bá a lójú gbogbo ènìyàn yẹn.

Ìyá Sùwé gbá orúnkún mú, ó dìde. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì gbé ìkòkò kan jáde, aṣọ ni wọ́n fi dé e, ó ṣì ń gbóná. Ìyàwó ilé kejì wọlé, ó fa tirẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kẹta gbé tirẹ̀. Ìrẹsì ni, ọbẹ̀ ni, mọ́ínmọ́ín ni. Ilé àbúrò Ìyá Sùwé ní Òkè Àrín ni wọ́n ti sè é láfẹ̀mọ́júmọ́, kí Màámi má baà fura. Àwọn ni wọ́n ti bá ara wọn ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní jẹun, kí oúnjẹ lè kárí àlejò.

Ìyá Sùwé ní, “Adìyẹ mi ló jẹ àlejò rẹ. Mo rí i lórí àtẹ, n kò mọ̀ pé èèyàn ni.”

Màámi ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, mà?”

“O ní gbogbo rẹ̀ ti wà ńlẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún ọ pé kò tó?”

Màámi jókòó sórí odó, ó bú sẹ́kún. Ìyá Sùwé fi etí gèlè ara rẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ta ló ní kí o dá a ṣe? Ṣé àwa kì í ṣe ará ilé rẹ ni?” Bọ̀ọ̀dá Ràímì na àwo rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ti sunkún tán, kí wọ́n bá òun bu díẹ̀ nínú ti ìkòkò tuntun yẹn. Wọ́n fẹ́ pa adìyẹ náà lọ́jọ́ kejì láti fi ṣe ètùtù. Màámi kò gbà, ó ní bóyá Lèmọ́mù wà nínú àwọn tó gbé mì, òun kò lè jẹ ẹran rẹ̀.

Agboolé yẹn ti di ilé ìtajà báyìí, gbogbo wa ti fọ́n ká. Àwọn tó ń gba iṣẹ́ oúnjẹ ṣe ló ń dáná, wọ́n ń ka àwo, wọ́n ń ka èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ń kú nítorí rẹ̀. N kò lè sọ pé kò dára. Ẹ̀yìn mi kò lè gbé ìkòkò mọ́.

Nígbà tí Màámi kú, mo ti ń gbé ní Sùúrùlérè, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí oníkálukú ti ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹkún ni mo ń sun lọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Obìnrin Èkìtì kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ni, a kò kọjá ẹ káàárọ̀ síra wa rí. Ó gbé ìkòkò kan lọ́wọ́, ó ní òun gbọ́ pé mo ń sunkún, òun kò sì mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Ó ti wà lẹ́nu mi láti sọ pé kó má ṣèyọnu, pé mo ní ohun gbogbo. Mo gba ìkòkò náà, mo ní, “Ẹ ṣeun. N kò ní nǹkan kan nílé.” Mo wá àwo méjì, àwa méjèèjì sì jókòó jẹun.