Ọmọ Igi Máńgòrò Lórí Ilẹ̀ Àyálò

Lánàá, aládùúgbò mi ní Gurugu, níbi tí mo ń gbé báyìí, gbé ọmọ igi máńgòrò inú ọ̀rá wá fún mi. Bí òórùn erùpẹ̀ tútù rẹ̀ ṣe kan imú mi, mo rántí oko bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Irú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pín nígbà náà fún gbogbo olóko, kí ilẹ̀ tó ti ṣá lè lọ́ràá. Bàbá mi gbìn ín sí oko tí wọ́n yá wa. Mò ń bomi rin ín lọ́wọ́ nígbà tí bàbá tó ni ilẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé, tàdá tàdá.

“Sule,” ó sọ fún bàbá mi, “àgbàdo la ní kí o gbìn. Àgbàdo máa ń kúrò nílẹ̀.”

“Ẹ dákun, Bàbá. Gbogbo wa la jọ máa jẹ èso rẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ kan rẹ́rìn-ín. “Nígbà tó bá so, ibo lo máa wà?”

Wọ́n hú gbogbo rẹ̀. Bàbá mi nawọ́ di èyí tó kẹ́yìn mú, àdá sì bá a lọ́rùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ dà sínú ihò tí mo bomi sí. Mo rò pé èèwọ̀ ni máńgòrò.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé, lójú onílẹ̀, àlejò tó gbin igi ti sọ pé òun kò lọ mọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò mi, mo dá igi rẹ̀ padà. Inú ike ni mo gbin ata mi sí. Ó ṣeé gbé sá.