Ọfà Tí Àkànjí Kọjú Rẹ̀ Sódì

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú, Àkànjí ọmọ Iléṣà tó ń gbé Turffontein, ní ìsàlẹ̀ gúúsù ilẹ̀ adúláwọ̀ lọ́hùn-ún, ni kẹ́ ẹ lọ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa de àpótí mọ́lẹ̀ nítòsí ibi ìwakùsà, àpótí tó ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Ọfà kan wà lára rẹ̀, àríwá ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí ilẹ̀ bá sún sí àríwá, ìlà inú kọ̀ǹpútà á gòkè. Bó bá sún sí gúúsù, á sọ̀ kalẹ̀. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2016, nígbà òtútù oṣù Kẹfà, ó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Fúnlọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irin pọ̀ níbi ìwakùsà, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kàn ń jó kiri ni.

Àkànjí ní, "Ta ló ń wá kọ́ńpáàsì? Bàbá mi kọ́ mi: lọ́sàn-án ọyẹ́, kọ ẹ̀yìn sóòrùn, àríwá ló wà níwájú ẹ yẹn."

Ló bá kẹ̀yìn sóòrùn, ó de àpótí gbọin.

Ọjọ́ tí wọ́n fọ́ àpáta nísàlẹ̀, àwọn àpótí yòókù ní ilẹ̀ sún sí àríwá. Ti Àkànjí ní gúúsù ni.

Roseline ọ̀gá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o ò so wáyà sódì?"

"Rárá o, mà! Àpótí yẹn ló bàjẹ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á."

"Eish. Lọ́jọ́ Ajé ni màá pè wọ́n. Tó bá wá jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ni, ilé yá o."

Lọ́jọ́ Sátidé, Fúnlọ́lá ń sá aṣọ lọ́sàn-án gangan, ni Àkànjí bá ní kóun kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó kẹ̀yìn sóòrùn, ó nawọ́ síwájú. "Ìyá Tẹjú, àríwá rèé!"

"Bàbá Tẹjú, apá ibo ni ìgboro wà sí wa?"

"Àríwá ni. Ta ni ò mọ̀yẹn?"

"Kí ló wá ń wá lẹ́yìn yín?"

Àkànjí yíjú padà. Àwọn ilé gogoro ìgboro tò rẹrẹ, oòrùn wà lókè wọn.

"Yéè! Apá àríwá loòrùn ibí ń gbà, kì í ṣe gúúsù bíi tilé!"

"Ẹ rọra pariwo," ni Fúnlọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bi náà kú sọ́wọ́ ẹni tó tà á. Mo ti dúpẹ́ o!"

Àkànjí rìn yí àgbàlá po, ó ń làágùn nínú òtútù. Níkẹyìn ó pe Roseline, ó jẹ́wọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

"Òkè àti ìsàlẹ̀ kò yí padà," ló wí. "Àríwá àti ìlà oòrùn nìkan la máa yí àmì wọn nínú kọ̀ǹpútà, kí gúúsù padà di àríwá, kí ìwọ̀ oòrùn di ìlà oòrùn, nǹkan kan ò ṣòfò. Ẹni tó bá purọ́ mọ́ àpótí ni mi ò lè bá ṣiṣẹ́. Ìwọ, máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Wọ́n gbà á síṣẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n nílé iṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún bi Àkànjí lọ́nà mọ́.