Bàbá Ààbọ̀ Orí àti Aránbàtà Apárí

Ẹ dárúkọ olóògbé onígbàjámọ̀ náà ládùúgbò, ọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọ̀dọ́kùnrin náà sáré wọlé, ó ní kí Bàbá bá òun gẹ irun wéréwéré. Bàbá gẹ apá ọ̀tún, ó fẹ́ irun kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

"Ọmọ mi, bí o bá kú lónìí ńkọ́?"

"Bàbá, ìyàwó ni mò ń gbé lónìí."

"Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tètè sọ ọ́."

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ọkọ ìyàwó kò lè dúró mọ́. Ó dé fìlà, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní kó ṣí fìlà níwájú Ọlọ́run. Ó ṣí i, ìyàwó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ti wọlé tòun ti ẹ̀rọ lọ́wọ́, ó fa ọkọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó gẹ ìyókù irun, ó sì wàásù ìyókù ìwàásù. Àwọn tó wà níwájú ń gbọ́ pásítọ̀, ẹni tó ń ṣàlàyé irú àga tuntun tó yẹ kí ìjọ rà. Àwọn àlejò sọ pé yàrá ẹ̀yìn ni ìwàásù ọjọ́ náà ti wáyé.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ààbọ̀ orí ni yóò gẹ, yóò dáwọ́ dúró, yóò wá ki ìwàásù mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbé ààbọ̀ irun bọ́ sí títì. "Ààbò Orí" ló ní kí wọ́n kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, pé Olúwa ni ààbò wa. Àṣé ọwọ́ akọ̀wé pátákó ti yọ̀, ó kán àmì kékeré kan sábẹ́ lẹ́tà "o", ló bá di "Ààbọ̀ Orí". Àwọn èèyàn ní kó ha á kúrò. Ó ní, "Ó ku orí kan. Ọjọ́ tí mo bá rí orí yẹn bá sọ̀rọ̀, màá ha á."

Kò sẹ́ni tó mọ orí tó ń wí. Aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ náà kò mọ̀.

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni àwọn méjèèjì. Orí aránbàtà ń dán gbinrin, kò ní fọ́nrán irun kan lórí, kò sì jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ rí. "Apárí fojú di abẹ," ni Bàbá máa ń fi kí i láràárọ̀. Pákó ló pààlà ṣọ́ọ̀bù wọn, nítorí náà ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni aránbàtà fi gbọ́ ìwàásù tí wọ́n ń ṣe fún ẹlòmíràn. Kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjú sí i, kó ní, "Ìwọ ni mò ń bá wí." Lójú ayé, ó máa ń ní òun dúpẹ́ pé òun bọ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó dùn ún wọra. Ṣé orí tòun nìkan ni kò yẹ fún ìgbàlà ni?

Lọ́jọ́ kan ó na ọ̀rọ̀ sí i látẹ̀yìn pákó. "Ọlọ́run tó ń wá èèyàn, ṣé kò mọ ilé wọn ni, tó fi jẹ́ pé ìwọ ló ń rán?"

"Ẹni tí wọn ò sọ fún pé omi ti yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣé á gbé korobá jáde?"

Aránbàtà gbé òòlù sílẹ̀, ó ń retí èyí tó kù. Bàbá wúkọ́, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi wo gìgísẹ̀ bàtà mi yìí."

Àwọn àgbà ìjọ kúkú wá bá Bàbá pé kó sinmi, ó ń dójú tì wọ́n. Wọ́n ní ìwà àwọn ni ìwàásù àwọn.

"Òótọ́ ni," ni Bàbá wí. "Ìjà tí ẹ jà sí àga iwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn ò tíì gbọ́."

Nígbà tó yá, àìsàn mú un lọ́nà ọ̀fun, ohùn lọ. Àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà fún un, àmọ́ wọn ò kígbe jù.

Aránbàtà lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá irùngbọ̀n tó ti kún un lẹ́nu. Ó po ọṣẹ, ó mú abẹ, ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó sì dáwọ́ dúró.

"Fá ìyókù," ni Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"N kò fá. Gbogbo ayé lo wàásù fún. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Omi bọ́ lójú Bàbá sínú ọṣẹ. "Àwọn yòókù ò lè dìde. Ìwọ lè dìde. Bí o bá bínú lọ, ta ni mo tún ní?"

Aránbàtà fa àga mọ́ ibùsùn. "Mo ti jókòó."

Ìwàásù náà kò gùn. "Jésù kú nítorí tìẹ. Ó jíǹde. Ké pè é, á dá ọ lóhùn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ó yá, fá ìyókù, kí n má bàa fi ààbọ̀ àgbọ̀n kú."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá kú. Níbi ìsìnkú, àwọn tó ní kó dákẹ́ fi wákàtí méjì yìn ín bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aránbàtà gun àkàbà, ó fi ọ̀bẹ awọ ha àmì kékeré náà kúrò lára pátákó. Obìnrin kan tó fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ fún àtúnṣe dúró nísàlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń wò ó.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ha níbẹ̀?"

Aránbàtà sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ló wá mọ ohun tó máa ń ba ọ̀rẹ́ òun lẹ́rù. Ó mú bàtà náà, ó kan ìṣó tó kù, ó gbé e fún un.

"Wọ bàtà ẹ, ìyá. Bí o bá fẹ́ máa lọ, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbọ́, àga nìyí."

Obìnrin náà wọ bàtà, ó so okùn rẹ̀ dáadáa, ó sì jókòó.