Káàdì Tí Mo Yọ Sápò

Òórùn káfúrà ni mo fi ń rántí ilé ìkàwé tí mo ti ṣiṣẹ́ n'Ílọrin lẹ́yìn ọdún 1990. A máa ń jù ú sínú àwọn àpótí onígi tí a ń to káàdì ìwé sí, kí kòkòrò má baà bà wọ́n jẹ́. Láràárọ̀ Sátidé, èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi káàdì wá ìwé. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìwé tí kò bá ti ní káàdì, ó sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà lórí pẹpẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ṣe ti àdúgbò Ṣàngó wọlé wá lọ́jọ́ kan. Òun ló kọ "Olódo" sára páálí, tó so ó mọ́ mi lọ́rùn, tó ní kí n máa yí gbogbo kíláàsì ká. Orí rẹ̀ ti funfun, kò sì dá mi mọ̀.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o."

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ìwé kan ṣoṣo ló ń wá, lórí àwọn ọmọ tí kì í tètè mọ̀wé. Gbọ́ ná, ṣé o rí ayé? Òun náà ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́; láìsí ìwé yẹn, kò ní rí iṣẹ́ àṣeparí rẹ̀ kọ, kò ní gbàwé ẹ̀rí, wọn yóò sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kó tó dé ìdí àpótí, mo ti yọ káàdì ìwé náà sápò.

"Ẹ tún un wá, sà. Ẹ ò fara balẹ̀ ni." Ohun tó máa ń sọ fún mi ní kíláàsì gan-an nìyẹn. Sátidé mẹ́ta ni mo fi gbádùn ara mi.

Ní ìkẹrin, kò yà sídìí àpótí mọ́. Ó lóṣòó ti pẹpẹ àkọ́kọ́, ó ń fọwọ́ kan ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú káàdì tuntun.

"Àǹtí, káàdì yín ló sọnù. Mo ti bá yín kọ òmíràn, kí ẹlòmíì má baà jìyà."

Ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lára káàdì náà, ti ara páálí ọjọ́sí ni. Mo gbà á, n kò lè sọ orúkọ mi fún un.

Ó yege. Káàdì tí mo yọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì dárí jì í, kí n má purọ́. Ó mọ bí a ṣe ń fi sùúrù wá ohun tó fara sin. Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ fún odidi ọdún kan, kò wá mi rí.