Ta Ló Ti Lọ́rì Náà?

Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Coal Camp nígbà náà, òórùn méjì lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́: ti erùpẹ̀ pupa tó ti mu omi yó, àti ti ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ti ń dà sílẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí èmi àtìwọ. Etí òpópónà wọn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi mí sí lọ́dún tí mo sìnrú ìlú ní Enugu wà. Ayé ìjọba ológun ni. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ náà, kò sì sí ohun èlò kankan ju ṣọ́ọ̀kì àti ẹnu mi lọ. Tí àwọn mẹkáníìkì bá ń fi òòlù lu irin, ohùn mi kì í dé ẹ̀yìn kíláàsì. O mọ̀ mí, mi ò ní sùúrù. Mo ti jáde lọ bá wọn jà rí. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní, "Àǹtí Kọ́pà, má bínú."

Àwọn ọmọ yẹn mọ nǹkan kọ́ sórí, ẹ̀rù á bà ọ́. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ òfin tó ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń rìn àti bó ṣe ń dúró, gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ bí ìgbà táwọn ọmọ ń ka ẹsẹ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi: nǹkan tó bá dúró yóò dúró síbẹ̀, àyàfi tí agbára kan láti ìta bá tì í. Mo ní, "Ó dáa, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Wọ́n bá tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dìde. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, tí nǹkan bá dúró, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, tó wá rìn, kí ló tì í?"

Mo ní nǹkan kan ti ní láti tì í, kò lè dá rìn. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀ nínú gbogbo kíláàsì. Ara fu mí, àmọ́ mi ò mọ ohun tó fà á.

Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì, ọmọ àdúgbò yẹn gan-an, ló là mí lójú nígbà tí a jáde. Mẹkáníìkì ni bàbá ọmọ náà. Kò pẹ́ kí n tó dé ìlú ni lọ́rì kan tó ti bàjẹ́, tí wọ́n gbé sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n sì fi òkúta dá táyà rẹ̀ dúró, ṣàdédé yí wálẹ̀. Bàbá náà jókòó nísàlẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá fún un. Obìnrin náà ò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ igbe. Kò sẹ́nì kankan nínú lọ́rì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ni ẹ̀gbọ́n olóògbé bá ní lọ́rì kì í dá rìn, pé ìyàwó ló mọ ohun tó rán, oúnjẹ yẹn ló sì fi so ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kò jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Búrẹ́dì ló fi ń gbé ọjọ́."

Háà! Òfin tí mo kọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ti gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Má rò pé àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nílé wa níbí, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kú lójijì, ṣé a kì í wò ó lójú, ká wò ó nímú? Bí wọ́n ṣe ṣe fún àbúrò ìyá mi nìyẹn, títí ó fi kó kúrò nílé ọkọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn dé Achara Layout tí mo ń gbé, mo sì gbé oúnjẹ tí mo sè tì.

Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìwọ máa lọ, àwa la máa kù síbẹ̀." Mo ní mi ò bá ẹbí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí ìjọba rán mi ni mo fẹ́ ṣe.

Nígbà tí iṣẹ́ mi tún kàn, mo kó gbogbo wọn jáde síta. Mo gbé pákó kan lé búlọ́ọ̀kù kó lè dagun, mo tẹ́ erùpẹ̀ pupa sórí rẹ̀, mo gbé agolo mílíìkì tí mo rọ yanrìn kún lé e, mo sì fi òkúta wẹ́wẹ́ kan dá a dúró. Mo ní, "Ṣé ó ń rìn?" Wọ́n ní, "Rárá, mà." Mo ní, "Ṣé nǹkan kan ń fà á?" Wọ́n tún ní rárá. Mo wá yọ òkúta náà, mo ní kí wọ́n máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìka dá agolo náà dúró. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ojú ọmọ náà. Nígbà tó kàn án, ìka rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

"Àǹtí, ó ń ti ọwọ́ mi."

"Bó ṣe ń ti òkúta yẹn nìyẹn látìgbà tí mo ti gbé e síbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń fà á. Bó ṣe dúró yẹn, kò sinmi rárá."

Mo dá òkúta padà, mo bu omi sínú kọ́ọ̀pù, mo sì ń dà á díẹ̀díẹ̀ sórí erùpẹ̀. Erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Òkúta yọ̀, agolo sì yí gbirigbiri wálẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ta ló yọ òkúta náà?"

"Omi ni."

"Kò sí ẹlòmíì?"

"Ojú ẹ ló ṣe. Ta lo rí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tò ó padà fúnra rẹ̀, ó tẹ́ erùpẹ̀ mìíràn, ó fi òkúta sí i, ó da omi. Agolo tún yí wálẹ̀. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àtàárọ̀ ló ti ń rọ̀." Ó wá bú sẹ́kún. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú ló ń sun, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Èmi náà sunkún. Mi ò tijú wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ò yí ohùn padà o. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un, ó ní ta ló wá rán òjò. Mi ò rí nǹkan ṣe sí ìyẹn, físíìsì náà ò rí nǹkan ṣe sí i.

Àmọ́ kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́, ó ń béèrè mi. Mo rò pé ó wá bá mi jà ni, pé kí ló kàn mí. Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ti dìde lórí àga. Obìnrin náà di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó dì í pinpin. Ó ní, "Àǹtí, she don chop." Ó tún un sọ. Ó ní ọmọ òun ló bu oúnjẹ tí òun sè fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò, ó jẹ ẹ́ tán níṣojú òun, ó sì tún bù sí i. Ó yí padà, ó lọ.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní òfin yẹn láti ìgbà náà, àwọn kan nínú wọn ti di ẹnjiníà, wọ́n wà lókè òkun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa bi mí pé, mà, kí ni èèyàn ń fi èyí ṣe láyé? Wọ́n ń retí kí n dárúkọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé mo mọ ọmọ kan ní Enugu tó fi jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀.