Koropò Tiwa àti Koropò Tirẹ̀

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni kí n kọ́kọ́ sọ, kí n má baà máa yí i ká. Wọ́n ní kí n ṣọ́ ohun ọ̀gbìn kan, kí n sì sọ gbólóhùn kan fún Baba mi bí àkókò bá tó. Mo já èso náà ní àìpọ́n, mo gbé e fún Baba, gbólóhùn náà kò sì jáde lẹ́nu mi. Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àwíjàre, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ro oko àgbàdo rí lápá ọ̀dọ̀ wa mọ koropò. Kò sí ẹni tó ń gbìn ín. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á hù fúnra rẹ̀ láàárín àgbàdo. Ewé rẹ̀ ń dán, kò ga ju orúnkún lọ, èso rẹ̀ wà nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bíi pé ẹnìkan fi bébà wé e. A kì í já koropò lára igi rẹ̀. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ ni à ń ṣà, torí èyí tí kò bá tíì bọ́ kò tíì pọ́n, ó korò, ó sì ń run inú. Kò sí ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń kọjá lè yà sínú oko ẹlòmíràn kó ṣà á jẹ, wọn ò ní bá a wí. Mo ti jẹ ẹ́ láti Adja-Ouèrè títí dé Massè, nínú oko àwọn tí n kò mọ̀ rí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló gbé irú mìíràn wá. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ẹ, Àjàṣẹ́ ló wà, nílé tíṣà òyìnbó kan, tó ń fọṣọ tó sì ń dáná fún un. Èso yìí wà nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn. Nígbà tí òyìnbó náà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, obìnrin yìí tẹ èso bíi mélòó kan fọ́, ó sá irúgbìn rẹ̀ gbẹ, ó sì dì í mọ́ ẹrù tó gbé wọlé ọkọ. Koropò ni òun náà, ẹni tó bá rí àpò rẹ̀ kò ní ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ga tó àyà ènìyàn. Ewé rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́ bí etí ọmọ ewúrẹ́, òdòdó rẹ̀ sì ní àmì dúdú nínú, bíi pé wọ́n fi ìka tí tàdáwà wà lára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin tó bá wọlé ọkọ lọ́dọ̀ wa, oko ọkọ ló ń ro. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ibi kékeré kan tí òun lè pè ní tòun. Ilẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ oko wa, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ikpinlè, ló ń wò. Ilẹ̀ dúdú ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé èyí tó ti hù nínú àpáàdì lọ síwájú Baba, ó kúnlẹ̀.

Baba rẹ́rìn-ín títí. «Koropò? Ìyàwó, èyí tí Ọlọ́run ń gbìn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, òun lo fẹ́ gba ilẹ̀ fún?»

«Baba, kì í ṣe irú ìyẹn.»

«Kí ló fi ju tiwa lọ?»

«Ó tóbi, ó dùn, ó sì ń pẹ́ nínú àpò rẹ̀ kó tó bàjẹ́. Àwọn tíṣà tó wà ní Pobè á rà á lọ́wọ́ mi.»

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó fọwọ́ pa ewé náà. «Ẹ wo irun lára ewé! Baba, kó tó di ọdún iléyá, ṣé kí n bá a fá a ni?»

«Ẹ fá irungbọ̀n tiyín ná,» ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín.

Baba mi kì í ṣe ènìyàn líle. Ó ronú díẹ̀. «Ó dáa, lọ gbìn ín. A ò ní ro tiwa tó bá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dànù. Bí àgbàdo àrọ̀kúrò bá fẹ́ wọlẹ̀, a ó tọ́ méjèèjì wò. Bí tìẹ bá dùn ju tiwa lọ, ẹsẹ̀ oko di tìẹ. Bí kò bá dùn, màá gbin àgbàdo mi síbẹ̀.» Ó yíjú sí mi. «Ìwọ ni kó o máa ṣọ́ ọ fún wa.»

Akọ̀wé ni ìyàwó yìí máa ń pè mí. Wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa, kò lè pe orúkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa. Akọ̀wé tó ń pè mí yẹn, ó fi ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ ni, torí mo ti kúrò nílé-ìwé kí n tó ṣe sẹ́tífíkà. Ìwọ̀nba Yorùbá tí mo ń kọ yìí, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà ni mo ti rí i kọ́.

Ìgbà náà ń rẹ ènìyàn. Ìjọba àyípadà àwọn ológun ti wọ abúlé wa dáadáa. Délégé, aṣojú ìjọba lábúlé wa, ní kò gbọdọ̀ sí ilẹ̀ tó ṣófo, kámáráàdì, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa nígbà náà, tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán, ọ̀tá ìlú ni. Oko gbogbogbòò wà tí a jọ ń ro, fèrè á dún ní ìdájí, a ó tò lọ. Bí a bá dé láti ibẹ̀, oko tiwa náà ṣì ń dúró dè wá. Bí oko tiwa bá tán, ìpàdé. Mo ti sùn lórí ìjókòó nínú ìpàdé rí, mo jí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà bá wọn pàtẹ́wọ́.

Mo ń lọ wo koropò méjèèjì bí ẹsẹ̀ mi bá lè gbé mi débẹ̀. Tiwa tètè gbéra. Kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó ti ń tan òdòdó, bí ọ̀gbẹlẹ̀ àárín òjò méjèèjì sì ṣe ń wọlé bọ̀ ni èso rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ tó-tó-tó. Tirẹ̀ ń ga ni, ó ń ya ẹ̀ka. Nígbà tó so, àpò rẹ̀ tóbi, ó tutù yọ̀yọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó bọ́.

Àkókò yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ láti ìlú rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Kó tó lọ, ó pè mí sẹ́yìn ilé.

«Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tiwa ń bọ́ sílẹ̀ bó bá pọ́n. Èyí kì í bọ́ bẹ́ẹ̀. Àpò rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bó bá gbẹ, tó dà bíi háríhá àgbàdo, ẹ ya ọ̀kan wò. Bí inú rẹ̀ bá ti rí bíi pupa ẹyin, ó tó já nìyẹn.»

«Bí àgbàdo bá wá fẹ́ wọlẹ̀ ńkọ́, tí kò tíì pọ́n?»

«Ẹ bá mi bẹ Baba kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ sí i. Wọ́n á gbọ́ tiyín. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò ní tútù.»

«Kò sí ìyọnu,» ni mo wí. Ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí lákòókò náà, ibi tí ọkọ́ ti ṣá mi ní oko gbogbogbòò. Mo fẹ́ kó tètè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n lọ jókòó.

Kò tíì dé nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo ti oko gbogbogbòò bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo bá Baba níwájú ilé tó ń ṣe àlùwàlá.

«Lọ mú koropò méjèèjì wá,» ló wí, «kí n mọ ibi tí màá ju àgbàdo sí lọ́la.»

Mo dúró. Gbólóhùn náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, Baba á béèrè ìdí. Bí mo bá sì sọ ìdí, á ní kí a jọ lọ fojú ara wa rí i, kí òun mọ iye ọjọ́ tó kù kó pọ́n. Màá tún máa ṣàlàyé lójú ọ̀nà. Mo kàn fẹ́ dùbúlẹ̀ ni. Mo lọ. Tiwa wà nílẹ̀ yàlàyàlà, ìkúnwọ́ kan ni mo bù. Ti ìyàwó, kò sí ọ̀kan nílẹ̀. Mo já èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀, àpò rẹ̀ ṣì tutù. Mo sọ fún ara mi pé bó ṣe tóbi tó yìí, ó ti lè pọ́n nínú.

Baba jẹ tiwa lákọ̀ọ́kọ́, ó mi orí, ó tún mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bó ti ìyàwó. Ó tutù bí ewé. Ó gé e jẹ, ojú rẹ̀ sì hunjọ pátápátá, ó tu ú dànù.

«Baba, ó ti ká eyín yín ni?» ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

«Ahọ́n mi ló fẹ́ ká! Ẹ bá mi bu omi o!» Baba ń tutọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó mu omi tán, ó wò mí. «Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?»

Ó ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi, n kò wọlé. «Bí mo ṣe bá a nìyẹn, Baba.»

Mi ò purọ́. Bí mo ṣe bá a nìyẹn lóòótọ́.

Èmi náà ni wọ́n fún ní ọkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ro gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ pẹ̀lú èso lára rẹ̀. Irun ewé náà lẹ̀ mọ́ mi lápá. A gbin àgbàdo.

Ọ̀nà Ikpinlè ni ìyàwó gbà nígbà tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ti rí àgbàdo tó ń yọ kó tó délé. Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ ẹrù orí rẹ̀.

«Akọ̀wé, ṣé ẹ bá mi bẹ Baba?»

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

«Kí ni wọ́n wá sọ?»

«Wọ́n ní òjò ò lè dúró de ẹnikẹ́ni.»

Baba kò sọ bẹ́ẹ̀. Baba kò sọ nǹkan kan, torí kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ní, «Ó dáa,» ó sọ ẹrù rẹ̀, ó béèrè bóyá omi wà nínú ìkòkò.

Láti ọjọ́ náà, ó ń se oúnjẹ fún Baba, ó ń kúnlẹ̀ kí i, kò ṣàìbọ̀wọ̀ fún un rí. Ṣùgbọ́n kì í jókòó tì í mọ́. Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń wá sí etí ẹní Baba nírọ̀lẹ́, á máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé òyìnbó fún un, pé wọ́n ń bá ajá sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, pé wọ́n ń fi ata sílẹ̀ jẹ ọbẹ̀ funfun. Baba á máa rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ á fi gbé e. Gbogbo ìyẹn dúró.

Ó yẹ kí n dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbí, bó bá jẹ́ pé ibí ló parí sí. Nígbà tí a ti ká àgbàdo, tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, mo wá igi ìdáná lọ sí ẹsẹ̀ oko. Nídìí ọ̀pẹ kan tó wà létí ilẹ̀ náà, mo rí ọ̀kan tí ọkọ́ mi kò kàn. Ó ti wó sílẹ̀, ewé rẹ̀ ti jábọ́ tán, àwọn àpò rẹ̀ sì gbẹ lára rẹ̀ bíi háríhá, gẹ́lẹ́ bó ṣe wí. Mo ya ọ̀kan. Pupa ẹyin.

Mo jẹ ẹ́. Ó kọ́kọ́ kan lẹ́nu bí ọsàn, lẹ́yìn náà ni adùn rẹ̀ dé, òórùn rẹ̀ sì gba imú mi kan. Kí n má ṣèké, tiwa kò burú. Ó ń tètè dé, kò ní ká ṣe wàhálà, ó sì dára fún ẹni tí ebi bá mú lọ́nà. Ṣùgbọ́n adùn tiwa ò kọjá ẹnu, ìkorò díẹ̀ ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ti ìyàwó wà lẹ́nu mi títí mo fi ṣẹ́ igi tán. Baba ì bá jẹ ọ̀kan péré, ilẹ̀ yẹn ti di ti obìnrin náà.

Ó yẹ kí n kó ìyókù lọ sílé. Mo dúró nídìí ọ̀pẹ náà mo ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá fi lè délé, yóò di dandan kí n sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo ronú irúgbìn. Mo mú un lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo jẹ òun náà, mo sì da àwọn àpò rẹ̀ sínú koríko.

Nígbà tí òjò tún dé, mo lọ wo ìdí ọ̀pẹ náà léraléra. Koropò tiwa ló hù.

Baba ti darúgbó báyìí, kì í lọ sóko mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ a máa ń jókòó síwájú ilé, ìyàwó á gbé oúnjẹ wá, á kúnlẹ̀, á padà lọ. Baba á wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

«Kí ni mo ṣe fún ìyàwó yìí?» ló máa ń bi mí.

«Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Baba.»

Ìyàwó gbà pé Baba kọ̀ fún òun. Baba kò mọ̀ pé ìyàwó rán mi láti bẹ òun. Ọ̀rọ̀ tí mo jẹ obìnrin náà kò gùn: pé n kò bẹ Baba, pé èso rẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Lójú Baba ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ ọ. Baba sì ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ní àwọn ìrọ̀lẹ́ kan báyìí, ìyàwó á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á padà lọ, Baba ò sì ní béèrè mọ́.

N kò tíì sọ ọ́.